Àwọn Sístà Littlemore àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tó Jogún Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Kassam Stadium, pápá tí ẹgbẹ́ Oxford United ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 2001. Nítòsí pápá náà ni ilé òkúta àtijọ́ kan wà, alájà méjì. Ó ti fìgbà kan jẹ́ ilé ọtí. Kó tó di ilé ọtí, ilé àgbẹ̀ ni. Kó tó di ilé àgbẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn Sístà ti ń sùn, àwọn obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lábẹ́ òfin Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́. Littlemore ni wọ́n ń pe àdúgbò yẹn, kò ju bíi máìlì 3 lọ sí àárín ìlú Oxford.

Iṣẹ́ kíláàsì lórí orúkọ ibùgbé ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Minchery ni àwọn ará àdúgbò ń pe ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, mynecen, ló bí orúkọ yìí. Abo ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ mọ́ńkì ni: obìnrin tó fi ilé àti ọkọ sílẹ̀ láti máa sin Ọlọ́run nínú ọgbà kan ṣoṣo títí tí yóò fi kú. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó wá láti inú èdè Látìn ló gba ipò rẹ̀. Àmọ́ ó kù sára ilẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: a bi orúkọ ní ìbéèrè kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ tí a kò bi í.

Ẹjọ́ tí orúkọ yìí rò fún wa nìyí.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ tàbí àárín ọ̀rúndún kejìlá, Robert de Sandford, jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan tó gba ilẹ̀ lábẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì Abingdon, yọ ilẹ̀ fún àwọn obìnrin díẹ̀ kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀sìn sílẹ̀. Níkọ Mímọ́ ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọrí. Òfin tí Bẹ́nẹ́díìtì kọ ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹfà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Òfin náà kò le lórí ìwé: àdúrà ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ọ̀sán àti òru, iṣẹ́ ọwọ́, ìwé kíkà, oúnjẹ àjọjẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe ohunkóhun ní tirẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yín kí ẹ tó sọ pé kò le. Ilé ńlá máa ń ní ábẹ́ẹ̀sì. Ilé kékeré bíi ti Littlemore, olórí tí ipò rẹ̀ kéré sí ti ábẹ́ẹ̀sì ló ń darí rẹ̀. Ìyá ilé ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ilé náà tálákà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1245, Póòpù Innocent IV ní láti kéde pé ẹni tó bá ran àwọn Sístà náà lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn yóò rí ìdásílẹ̀ díẹ̀ gbà nínú ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kì í tọrọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1445, Bíṣọ́ọ̀bù Lincoln rán aṣojú wá yẹ ilé náà wò. (Abẹ́ Lincoln ni Oxford wà nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú méjèèjì jìnnà síra.) Sístà 7 péré ló bá níbẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kò sùn nínú yàrá àjọsùn mọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má wó lé wọn lórí. Wọ́n tún sọ pé mọ́ńkì kan máa ń wá bá ìyá ilé mutí, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ gboyè Oxford kan, ìbátan ìyá ilé, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. A wo ara wa nígbà tí a ka èyí. Ọmọ yunifásítì tí ebi ń pa tó mọ ilé ìbátan tí ọbẹ̀ wà, a kò ní láti lọ sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún láti rí irú rẹ̀.

Ohun tó sọ Littlemore di olókìkí ṣẹlẹ̀ ní 1517. Katherine Wells ni ìyá ilé nígbà náà, Sístà 5 ló sì kù pẹ̀lú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù William Atwater rán Edmund Horde wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé aṣojú yóò pe wọ́n sí kọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè, akọ̀wé yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn obìnrin náà ń sọ, Látìn ni akọ̀wé ń kọ. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ìbínú wọn ti gba ọwọ́ ògbufọ̀ kan tí ìyà wọn kò kàn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìyá ilé ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Wọn kò pa á mọ́. Wọ́n ní ó ti bí ọmọbìnrin kan fún àlùfáà kan tó ń jẹ́ Richard Hewes, ará Kent, àlùfáà náà ṣì ń wá sí ilé náà, wọ́n sì jọ ń gbé bíi tọkọtaya bó bá ti dé. Wọ́n ní ó ti kó ìkòkò, páànù, ọ̀pá àbẹ́là, aṣọ ìtẹ́lẹ̀, ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì ilé náà láti fi ṣe ẹrù ìyàwó fún ọmọ yẹn. Wọ́n ní ó ti fi àwọn ohun iyebíye ilé náà yáwó, kò fún wọn ní oúnjẹ tó tó, kò fún wọn ní aṣọ, ilé sì ń wó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bá a wí, ó máa ń kan àbà mọ́ ẹni náà lẹ́sẹ̀ ni. Irú àbà tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ ní Fílípì ni a ń wí, pákó méjì tí ihò ẹsẹ̀ wà láàárín wọn. Ó wà nínú ilé àdúrà.

Sístà Juliana Bechamp sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ojú ń ti òun láti máa gbọ́ bí ìyá ilé ṣe ń ṣàkóso. Kì í ṣe pé gbogbo wọn mọ́. Ó jáde nínú ìbéèrè náà pé ọ̀kan lára wọn, Juliana Wynter, ti bímọ fún ọkùnrin oníyàwó kan ní Oxford ní bí ọdún 2 sẹ́yìn.

Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù pe Katherine Wells síwájú ara rẹ̀, ó kọ́kọ́ sẹ́. Nígbà tó yá ó jẹ́wọ́. Ó ní òótọ́ ni òun bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kú ní ọdún 4 sẹ́yìn. Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó fún wa. Ẹrù ìyàwó wo ló wà fún ọmọ tó ti kú? Bóyá àwọn ẹrù náà ti jáde tipẹ́, kí ọmọ tó kú. Bóyá àwọn Sístà kò gbọ́ ikú ọmọ náà, nítorí ìyá tó ń fi ọmọ pamọ́ yóò fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ náà pamọ́. A ka abala yìí títí, a kò rí ibi tí akọ̀wé ti béèrè orúkọ ọmọ náà.

Bíṣọ́ọ̀bù kéde pé ó ti yọ ọ́ nípò. Lẹ́yìn náà ló ní kó ṣì máa bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá ti dá ohunkóhun ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú òun. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni wọ́n dá padà láti lọ máa ṣàkóso àwọn tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n sì jọ ń gbé nínú ọgbà kan tí kò ju ènìyàn 6 lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e.

Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ wá ní 1518. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ilé ló kọ́kọ́ rojọ́. Ó ní Elizabeth Wynter ń bá àwọn ọmọkùnrin ṣeré nínú ọgbà, kò sì gba ìbáwí. Ó ní òun kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ni àwọn Sístà 3 bá já ilẹ̀kùn, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n sì dáná sun àbà náà. Wọ́n ti ara wọn mọ́lé, wọ́n dí ọ̀nà. Nígbà tí òun ránṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n bẹ́ jáde, wọ́n lọ sá pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ó tún ní wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín nígbà Máàsì. Nígbà tó kan àwọn Sístà, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti sọ òtítọ́ fún Horde ni ìyá ilé ti ń fìyà jẹ àwọn. Ó ti fi ẹ̀ṣẹ́ lu Elizabeth lórí, ó sì ti fi ẹsẹ̀ ta á.

Ní ibí yìí ni àwa fúnra wa ti yapa. Àwọn kan nínú wa sọ pé Katherine Wells ni ìkà inú ìtàn yìí, kò sí àlàyé mìíràn. Àwọn kan ní kí a rò ó dáadáa: wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láìtíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, nítorí pé bàbá wọn kò ní owó ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin gbogbo. Ọ̀kan nínú wa sì fárí pé bí òun bá wà níbẹ̀, òun náà yóò sun àbà. A kò rí ojútùú sí àríyànjiyàn náà títí wọ́n fi wá ti yàrá ìkàwé mọ́ wa. Lórí ohun tó tẹ̀lé e, a fẹnu kò.

Ohun tí àwọn òpìtàn kan ń sọ ni pé ìwà àwọn obìnrin yìí ló pa ilé wọn run. Eileen Power, òpìtàn tó kọ ìwé ńlá lórí ilé àwọn Sístà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922, ka Littlemore mọ́ èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn, láti ìgbà náà sì ni gbogbo ènìyàn ti ń tún un sọ. A kò sọ pé irọ́ ni. Ẹ kàn bá wa wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ hàn ní 1517. Bíṣọ́ọ̀bù rí i fúnra rẹ̀ ní 1518. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé náà. Ọdún kan kọjá, méjì kọjá, ó di mẹ́fà. Katherine Wells tí wọ́n ní wọ́n ti yọ nípò ṣì jókòó sórí àga. Ìgbà tí ẹnì kan nílò owó ni wọ́n tó rántí Littlemore.

Ẹni náà ni Thomas Wolsey. Ọmọ ará Ipswich ni, tí wọ́n ń sọ pé alápatà ni bàbá rẹ̀. Oxford ni ó ti kàwé, ó di àlùfáà, ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, ó di kádínà, ó sì di olórí ìjòyè Ọba Henry VIII. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wolsey fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò ní sí irú rẹ̀ ní Oxford, Kádínà Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò máa jẹ́. Dípò kó ná owó ara rẹ̀ tán, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Póòpù Clement VII láti pa àwọn ilé ẹ̀sìn kéékèèké rẹ́, kí ilẹ̀ àti owó orí ilẹ̀ wọn di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ilé Frideswide Mímọ́ tó wà nínú ìlú Oxford gan-an ni wọ́n fi ṣe ojú ilẹ̀ rẹ̀ ní 1524. Ní oṣù February 1525, ó kan Littlemore.

Bíi ogún ilé ló lọ bẹ́ẹ̀ nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ti bá ìyá ilé pẹ̀lú àlùfáà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n kéré, wọn kò ní alágbàwí ní ààfin, wọ́n sì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí ẹlòmíràn lè lò. Ẹ̀ṣẹ̀ Littlemore kò fa ikú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí ó rọrùn láti má sunkún rẹ̀ ni. Agbẹjọ́rò kan ló bá Wolsey ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwé yìí, Thomas Cromwell ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Cromwell kan náà ló bá Ọba Henry pa gbogbo ilé mọ́ńkì àti ilé Sístà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, nǹkan bí 800, láàárín 1536 sí 1540. Ara àwọn ilé kékeré bíi Littlemore ló ti kọ́ṣẹ́.

Katherine Wells gba owó ìfẹ̀yìntì: pọ́n-ùn 6, ṣílè 13 àti pẹ́ńsì 4 lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ bi àwọn bàbá wa àgbà nípa owó tí a ná ní Nàìjíríà títí di 1973 yóò mọ̀ pé ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, pẹ́ńsì 12 nínú ṣílè kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ùn 10 nìyẹn, géérégé. Obìnrin tí wọ́n ní ó jẹ ilé náà run ni wọ́n ń san án fún.

Wolsey kò jẹ́ ìgbádùn rẹ̀. Ọba kẹ̀yìn sí i ní 1529, ó kú ní 1530, kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kò tíì parí. Henry gbà á, ó yí i padà, nígbà tó sì di 1546 ó sọ ọ́ ní Christ Church. Bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn títí di òní. Gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá tí Wolsey kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti wo fíìmù Harry Potter àkọ́kọ́, ẹ ti rí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gòkè lọ sí gbọ̀ngàn náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á. A kò lè sọ pé òkúta báyìí ni owó Littlemore rà. Ó wà nínú rẹ̀ ṣá.

Ohun tó ń dùn wá nínú rẹ̀ nìyí, kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Nínú ìtàn yìí, àwa la jọ àwọn tó jẹun. Kò sí olùkọ́ rere kan tí yóò sọ pé kí Oxford má ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kékeré ni tiwa náà. A mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń ka orí ènìyàn nínú kíláàsì, tí ẹnì kan sì ń béèrè pé ṣé iye yìí tó láti fi yàrá kan sílẹ̀ fún. A mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá náà kì í sọ pé yàrá ni òun fẹ́. Yóò kọ́kọ́ sọ pé àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ kò ṣe dáadáa.

Láàárín 2012 sí 2014, kí wọ́n tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù náà, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Sístà wà tẹ́lẹ̀. Òkú 92 ni wọ́n bá nínú ilẹ̀: obìnrin 35, ọkùnrin 28, àti 29 tí wọn kò lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Obìnrin kan tó ti lé ní ọdún 45 wà nínú pósí olókùúta láàárín gbùngbùn ṣọ́ọ̀ṣì, ipò ẹni ńlá, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n rí obìnrin kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ sin. Ìwé ìròyìn fò mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀: Sístà ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn! Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sin òun bẹ́ẹ̀, nítorí ìrẹ̀lẹ̀.

Àwọn egungun mìíràn ló mú wa dúró. Ọmọdé méjì wà níbẹ̀ tí eegun ìbàdí wọn kò jókòó dáadáa láti kékeré, tó túmọ̀ sí pé ìrìn yóò ti nira fún wọn. Ẹnì kan wà tí àmì ẹ̀tẹ̀ wà lára eegun rẹ̀. Àwọn yìí kì í ṣe Sístà. Ó jọ pé ẹnì kan nínú ilé tálákà yìí ń gba aláìsàn sílé, ó ń tọ́jú wọn, ó sì ń sin wọ́n sí ilẹ̀ mímọ́ tí wọ́n bá kú. Ìwé bíṣọ́ọ̀bù kò sọ èyí. Aṣojú bíṣọ́ọ̀bù wá béèrè ohun tó bàjẹ́ ni, ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n sì sọ fún un.

Ilé àjọsùn àwọn Sístà ṣì dúró. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣì dúró. Òpópónà kan sì wà ní Littlemore títí di òní tó ń jẹ́ Minchery Road. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ìwé tí ẹ sì wà ní ìhà Oxford, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ẹ bá wa ya fọ́tò bọ́ọ̀dù òpópónà yẹn.